Ẹlẹ́hàá Tí Kò Lọ́kọ

Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.

Kúlúsúmù Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ kú làálàá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì kí ọ kú ewu tí a kò bá ọ pín. Ọlọ́run tó gbé ọ dìde lórí àìsàn kò ní jẹ́ kí o tún dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, lágbára Ànọ́bì. Gbogbo wa wà láàyè. Ọ̀fìnkìn tó ń jà l'Ékòó ti dé ọ̀dọ̀ wa náà, àní lèmọ́mù wa ń wúkọ́ lórí ìrun, ṣùgbọ́n ó ti ń rọlẹ̀. Fìlà tí mo ń rán ò tà ní Òjé mọ́, ẹ̀rù ń ba èèyàn láti lọ síbi ìkómọ, ta ni yóò wá ra fìlà tuntun dé jókòó sílé?

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ sọ. Gàfárù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé obì lọ sí Èkó, ló mú un dé, ó ní láti ẹ̀yìn géètì ni wọ́n ti nà án sí òun. Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ mẹ́ta ni mo rí, gbogbo yín fi aṣọ funfun bo imú bo ẹnu, ojú nìkan ló hàn. Ó tún jíṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má wá kí ọ, pé wọn ò jẹ́ kí ẹ jáde nínú ọgbà, wọn ò sì jẹ́ kí àlejò wọlé. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú èyí bí kò ṣe ilé ẹlẹ́hàá? Mo ní háà, aáfà kan ti kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì rán ẹnikẹ́ni wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi. Ohun tó tún bí mi nínú ni pé apá yín wà níta títí dé ìgúnpá. Ẹlẹ́hàá wo nìyẹn?

Ìyá rẹ ní kí n ní sùúrù, bóyá iṣẹ́ ni. Mo ní iṣẹ́ wo ló ń di èèyàn lẹ́nu? Mo búra pé ẹnikẹ́ni nílé yìí kò gbọdọ̀ dá ọ lóhùn títí ọkọ rẹ yóò fi wá dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ ti di èlùbọ́ àti ata gígún tí ì bá fi ránṣẹ́ sí ọ, mo ní kó tú u. Nígbà tí Gàfárù tún wá jíṣẹ́ pé ara rẹ ò dá, mo ní kí ọkọ rẹ tọ́jú ọ.

Àfi ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí Bertha ọ̀rẹ́ rẹ jáde nínú ọgbà, tó wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ, tó sì yà sọ́dọ̀ wa. Òun náà wà nínú fọ́tò ọ̀hún. Mo béèrè ọkọ yín lọ́wọ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní aṣọ yẹn ni ẹ fi ń gba ara yín lọ́wọ́ èémí aláìsàn, pé aláìsàn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ò sì tó nǹkan. Ó ní onílé tí òun háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ ti da ẹrù òun síta, kí òun má baà kó àrùn wọlé. Ó wá ní nígbà tí àìsàn náà gbé ìwọ fúnra rẹ dálẹ̀, ohun kan ṣoṣo lò ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé: “Ṣé bàbá mi ò tíì rán ẹnì kan?”

Kúlúsúmù, mo ṣàṣìṣe. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, èmi tí mo jẹ́ àgbà ni kò gbọ́. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ rán Gàfárù sí mi. N kò ní dí yín lọ́wọ́, n kò ní ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹnu géètì yẹn ni n ó jókòó sí. Tó o bá ráyè, yọjú lójú fèrèsé kí n rí ọ. Bí o kò bá sì fẹ́ yọjú, n ó jókòó síbẹ̀ náà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ fún mi títí n ó fi dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláúdéènì oníṣẹ́ fìlà.