Ejò Gorí Iyọ̀ Kọjá

Ẹ̀rù ń bà mí kí ejò má bu ọmọ-ọmọ mi ṣán. Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí olóòtú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo wà ní Festac. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó kàwé gboyè, àmọ́ kò lè gé koríko ẹ̀yìn ilé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ejò gba ibẹ̀ wọ pálọ̀, ó kó sábẹ́ àga. Dípò kí wọ́n wá ẹni tó máa pa á, òun àtìyàwó rẹ̀ da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ejò kì í kọjá iyọ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀mọ̀wé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ipa ejò gbọọrọ lórí iyọ̀ náà. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ó ti jáde nìyẹn."

"Èyí tí kì í kọjá iyọ̀? Ta ló sọ fún ẹ pé kì í ṣe òmíràn ló wọlé?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ ti ń ro àròjù." Ó tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ó lọ ra iyọ̀ sí i.

Mo fẹ́ gbé ọmọ náà lọ sílé mi ní Kuje, kí n fi ejò sílẹ̀ fáwọn méjèèjì. Wọ́n ní mo fẹ́ tú ilé àwọn ká. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbé e? Ẹ tètè fèsì, torí ọmọ náà ti ń rákòrò.