Mo Ní Onígbàgbọ́ Ni Wá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wa, mo kí àwọn ìyá ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún Ìbùkún ọmọ mi pé kó máa gbọ́ràn sí ìyá àgbà lẹ́nu. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ kú ìnáwó.

Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọ wa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di olókìkí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lórí fóònù pé gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé mo ti di ìmàle, pé ẹnì kan tó wá ra ọjà níbí rí mi lórí ẹní láàárín àwọn ìyá oníhíjáàbù, tí mò ń bá wọn jẹ oúnjẹ ìṣínu. Ẹ ní kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, kí n máa bọ̀ nílé kí pásítọ̀ lè gbàdúrà kí n padà sọ́nà. Ohun tí gbogbo èèyàn ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹni tó rí mi kò purọ́. Mo jókòó lórí ẹní náà, mo sì jẹ àkàrà.

Iṣẹ́ ń lọ. Àkókò tí ilé ìwé fẹ́ wọlé la wà, kàkí àwọn ọmọ ilé ìwé ni mò ń rán láti àárọ̀. Àwọn oníbàárà ń ti Àjàrá àti Avrankou gbé aṣọ wá, wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́. Òjò kò jẹ́ ká gbádùn, ẹrẹ̀ pupa ń bá wa wọlé. Ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú Ìbùkún kò pọ̀, ẹ má bínú sí mi. Mo ń ránṣọ, mo ń jẹun, mo ń sùn. Bí abẹ́rẹ́ bá gún mi lọ́wọ́, mo máa ń wo ẹ̀jẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó rántí pé ó yẹ kó dùn mí. Ẹ bi mí nígbà kan pé ṣé mo ti sunkún dáadáa. Rárá, ìyá mi, mi ò tíì sunkún.

Mi ò tíì ròyìn ọjọ́ tí ọkọ mi kú fún yín bó ṣe rí gan-an. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé Alájà, ìyá onílé wa, ni. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ kí a tó kó dé, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí wa ká lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé Yorùbá ni wá. Ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu èèyàn, ìmàle ni wọ́n máa ń kà á sí. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lágbègbè wa, Ègùn ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àárọ̀ ló kú. Mo pariwo lẹ́ẹ̀kan péré, ilé sì kún. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n pọn omi. Alájà wọlé lọ, ó sì gbé aṣọ funfun jáde, èyí tí ó ti rà sílẹ̀ de ọjọ́ ikú tirẹ̀. Ààfáà àdúgbò dé, ó ní ká tètè ṣe é kí oòrùn tó wọ̀. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Àánú ni gbogbo rẹ̀, mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ wẹ̀ ni mo dìde, mo ní kí wọ́n dúró, mo ní onígbàgbọ́ ni wá. Ààfáà gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní òun kúkú mọ̀, pé ojú òkú náà fi hàn pé onígbàgbọ́ òdodo ni. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e.

Ìyá mi, nílé lọ́dọ̀ọ wa, tí a bá ti ní onígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, ọmọ ẹ̀yìn Kírísítì là ń wí. Lẹ́nu ààfáà, ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn ni, ìmàle gidi nìyẹn. Mo tún un sọ, ó tún dúpẹ́. Ni mo bá di ẹsẹ̀ ọkọ mi mú, mo ní ti Jésù ni, kí wọ́n má gbé e. Ọmọ Alájà obìnrin tó jẹ́ tíṣà ló wá yé, òun ló pariwo pé kirẹtíẹ̀nì ni wọ́n o, pé ará egilíìsì, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n.

Mo rò pé wọ́n máa ká ẹní wọn ni. Ààfáà ní dákọ̀, pé ó dáa, ó ní kí wọ́n tẹ́ òkú padà jẹ́jẹ́. Ó bi mí pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni tiwa, mo ní a ò tíì ní. Òun fúnra rẹ̀ ló gun alùpùpù lọ pe pásítọ̀ àwọn Ègùn wá láti òpópónà kejì. Nígbà tí mo fẹ́ dá aṣọ funfun náà padà, Alájà kọ̀, ó ní aṣọ ò mọ ẹ̀sìn. Aṣọ yẹn la fi sin ín.

Láti ìgbà náà ni inú mi ti ṣófo. Ẹ ní kí n sọ òtítọ́, òun nìyí. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ò wá. Mo ṣí Bíbélì, mo ka Sáàmù tí ẹ fi kọ́ mi ní kékeré, ó dà bí ìgbà tí mò ń ka àkọlé ara ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bínú sí Ọlọ́run, ì bá tiẹ̀ sàn kí n bínú. Mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pásítọ̀ Ègùn náà lẹ́yìn ìsìnkú, ṣùgbọ́n mo dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ní àgàbàgebè ni kéèyàn lọ jókòó síbi tí ọkàn rẹ̀ kò sí.

Alájà ni kò gbà. Láàárọ̀ Dìmáǹsì kan, bí wọ́n ṣe ń pe ọjọ́ Ìsinmi níbí nìyẹn, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó béèrè bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi yá. Ó ní kí ló wá dé tí mi ò tíì wọṣọ. Mo jẹ́wọ́ fún un pé kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo rò pé gbogbo ìgbà tí òun bá forí kanlẹ̀ ni nǹkan ń ṣe òun ni? Ó ní lọ́jọ́ mìíràn, orúnkún tó ń ro òun nìkan lòun máa ń mọ̀ lára, òun á sì kírun náà tán. Ó ní ojú òun ló ṣe nígbà tí mo di ẹsẹ̀ òkú mú nítorí Jésù mi, òun ò sì gbé aṣọ ìsìnkú òun sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa sùn ní Dìmáǹsì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi wẹ̀.

Ìmàle ló ń lé mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi. Ẹ bá mi fi ìyẹn kún ìròyìn tí ẹ gbọ́. Nígbà tí àwẹ̀ wọn dé, mo bá a dín àkàrà ìṣínu, mo sì jókòó tì í jẹ ẹ́. Ohun tí oníròyìn yín rí nìyẹn.

Mo máa ń rò ó nídìí máṣíìnì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé onígbàgbọ́ a máa forí tì í dé òpin. Mo ti ń rò pé alágbára ló ń forí tì í. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orí ti wúwo jù fún ọrùn rẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò fi orí tì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, pásítọ̀ Ègùn náà ní kí n dìde gbàdúrà ní èdè tèmi. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò sì tíì gbọ́ Ègùn. Mo dìde. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Mo kàn sọ fún Olúwa pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wí, ṣùgbọ́n mo wá. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, ó rinlẹ̀. Ara mi ò gbọ̀n, omijé ò wá, mo jókòó.

Nítorí náà, mi ò ní palẹ̀ ẹrù mọ́. Kí pásítọ̀ ilé má gbàdúrà kí n padà, mi ò lọ ibì kankan. Ẹ má sì tíì bá mi tọrọ ayọ̀. Alájà ti dàgbà, kò ní wà níbẹ̀ títí. Ẹ bá mi tọrọ pé lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́, kí èmi fúnra mi lè máa kan ilẹ̀kùn mi.

Olúwa yóò dá yín sí fún wa, ìyá mi. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú yín ò ní rí ibi mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí ẹni tó rí mi lórí ẹní dáadáa. Tó bá tún wá sí Àjàṣẹ́, kó yà sọ́dọ̀ mi, ẹní náà gba èèyàn kan sí i.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́