Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Sáàmù Karùndínlógójì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bùnmi àbúrò mi ní kí n dáná sun ìwé àdúrà yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ìwé ẹlẹ́yìn dúdú yẹn ni mò ń wí, èyí tí ẹ fi ọwọ́ yín to Sáàmù sí: èyí fún ìrìn àjò, èyí fún aláboyún, èyí tí à ń kà sínú omi nítorí ọ̀tá. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ilé tó ní ìkọ̀wé yín lára mọ́.

Láti ìgbà tí Bùnmi ti wọ yunifásítì ní Bauchi Road ní Jos níbí ló ti wọ ẹgbẹ́ àdúrà kan. Olórí wọn tẹ orúkọ ìwé méje sórí bébà fún un. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ Ọlọ́run dájú, kó kà wọ́n tẹ̀ léra, kó má fo ọ̀kan. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹni tó ń yan ohun tí ọmọ ọlọ́mọ yóò kà, kí ló ń wá? Mo gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ Bùnmi, èmi tí n kò kàwé ju ti abúlé lọ, mo kà wọ́n tán pẹ̀lú atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n lè rí ibi tí wọ́n ti purọ́. Ìkejì dùn mọ́ mi. N kò sọ fún Bùnmi. Ìkẹta ló sọ pé ẹni tó ń ka Sáàmù sínú omi, oògùn ló ń ṣe. Ibẹ̀ ni Bùnmi dì mú.

“Ṣé ẹ rí i báyìí, Bùrọ̀dá mi? Mi ò ní sùn nínú ilé tí ìwé yẹn bá wà. Bí ẹ ò bá sun ún, ní Sátidé làwọn ará wa ń bọ̀ wá sun ún.”

“Ìwé bàbá rẹ?”

“Haba! Ṣé ẹ ti kà á rí ni? Ẹ kàn ń jà lórí ohun tẹ́ ò kà.”

Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo bá ṣí i, kí n lè rí ohun tí n ó fi dójú tì í. Nígbà tí mo dé Sáàmù karùndínlógójì, èyí tí à ń kà nítorí ọ̀tá, orúkọ Bàbá Fẹ́mi ni mo bá lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá, ṣé Bàbá Fẹ́mi tí ẹ jọ ṣe akọ̀wé ní rélùwéè náà ni? Ẹni tó jókòó ti pósí yín nínú ọkọ̀ láti Jos títí dé Èkìtì? Tó bá wọlé wa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń bu omi fún un, ẹ kì í rán ọmọ kankan. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Mo lọ bá a nílé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Terminus. N kò kí i pẹ́. Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.

“Kí lẹ ṣe fún bàbá mi?”

Ó fi ìka tọ orúkọ ara rẹ̀. “Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí akọ̀wé, àwọn kan kọ ìwé ẹ̀sùn nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.”

“Ẹ sì ń wá jẹun nílé wa?”

“Ibo ni kí n ti lọ jẹun? Ọ̀rẹ́ mi ni.” Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín. “Àbí inú omi yẹn ló ń kà á sí? Kai! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mu ún. Kò mà pa mí, ìwọ olórí kunkun yìí.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, inú bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ kà á sínú omi lóòótọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kó kú, ẹ tún ń bu ẹja tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀? Àbí ńṣe lẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ má baà bá a jà lójúkorojú? Olórí ẹgbẹ́ Bùnmi ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Nígbà tó yá, ó di ọ̀rẹ́ yín. Ní báyìí, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni.

N kò sọ ohun tí mo rí fún Bùnmi. Bó bá gbọ́, yóò fi jẹ́rìí láàárín àwọn ará rẹ̀, wọn yóò sì sọ yín di àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní lé ọmọ yín kúrò nílé yín nítorí ìwé. Ní Fúráìdé, mo kó ẹrù mi lọ sí abúlé Du, nítòsí ibi tí a ti ń wa kùsà, mo gbé ìwé náà dání. Mo sọ fún un pé n kò sun ún, mo gbé e lọ ni, kó wá sùn nílé bàbá rẹ̀. Ó bi mí léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ojú mi fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní Sáàmù ni.

Àárọ̀ ni mo máa ń kà á, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ti ka ti ìrìn àjò, mo ti ka ti aláìsàn, mo tilẹ̀ ti ka ti aláboyún. Karùndínlógójì nìkan ni mò ń fò. Mo mọ orúkọ ẹni tí yóò wá sí mi lẹ́nu, kì í ṣe ti Bàbá Fẹ́mi.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí inú ń bí sí yín, tí kò sì lè ṣe kó má fẹ́ràn yín.