Nọ́mbà Etí Ehoro

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà? Tèmi kò burú, àyàfi eékún tó ń rán mi létí ọjọ́ orí mi bíi pé mo gbàgbé.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní wọ́n ti mú ọ mọ́ àwọn tí yóò kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ ẹ̀fọ́rí túúlu tuntun, àti pé inú rẹ dùn pé ibi iṣẹ́ bàbá rẹ ni ìwòsàn rẹ ti ń bọ̀. Mo kà á débẹ̀. Mo jókòó sórí àpò oúnjẹ ehoro.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń tọ́jú ehoro tí wọ́n fi ń dán oògùn wò, ẹ sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Òfin wà lára ògiri wa: ẹran kò gbọdọ̀ jẹ̀rora láìnídìí, bí ara rẹ̀ kò bá yá, ká pe dókítà ẹran, bó bá kú, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo ń nu eruku orí òfin náà.

Nígbà tí oògùn yìí dé, ehoro kẹrìndínlógún ló kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń forí gbá irin àgò. Mo fẹ́ pe dókítà ẹran. Ọ̀gá wa ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró." Ọjọ́ kẹta ló kú. Ó ní kí n yọ nọ́mbà etí rẹ̀, kí n kàn án mọ́ etí ehoro mìíràn. Mo yọ ọ́, mo sì kàn án. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ lórí fóònù.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ rẹ̀, torí àwọn tí mo kàn án mọ́ náà ń kú. Nínú ìwé tí wọ́n fi han ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ehoro kẹrìndínlógún ṣì ń jẹun, ara rẹ̀ ń dán.

Mo sọ fún ara mi pé ehoro ṣáà ni. Mo gbàgbé pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Má jẹ́ kí wọ́n gún ọ. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà ẹran, mo sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe ọ́ níbi. Orí rẹ á gbè ọ́.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Bàbá Ehoro.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Mi ò tíì lẹ àpòòwé pa tí lẹ́tà rẹ kejì fi dé. O ní wọ́n ti gún ọ, kò tilẹ̀ dùn ọ́, oúnjẹ nìkan ni kò wù ọ́ jẹ. Ọjọ́ méjì ni lẹ́tà náà lò lọ́nà. Mo pe fóònù rẹ títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀.