Òkúta Inú Ìrẹsì Màmá

Bàbá mi, tíṣà ìṣirò tí kì í sọ̀rọ̀,

Ẹ kú ìsinmi o. Èmi ni, ọmọ yín obìnrin kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò pupa ka ìwé yìí. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbí, ẹ ti máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì kí n tó kí yín tán.

Màmá wà dáadáa. Ara wọn le, àfi eyín kan tó kán. Ìrẹsì ló kán an. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ rántí pé ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi kì í yẹ̀ nílé wa, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ sì ni, nítorí Màmá ní èyí tó ń ti òkè òkun wá kò ní òórùn kankan, bí ẹni ń jẹ pépà ni. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lọ́sàn-án Sátidé, Màmá á gbé atẹ lé ẹsẹ̀ ní fàráńdà, wọ́n á máa ṣà á, wọ́n á sì máa fi ojú wọn yangàn. Kò sí àlejò tó jẹun nílé wa tí kò gbọ́ ọ: ojú ìyàwó tíṣà mú ju abẹ́rẹ́ lọ, kò sí eyín tó bá òkúta pàdé nílé òun rí. Ẹ̀yin á kàn mi orí, ẹ ó máa jẹun yín lọ.

Kò tíì pé oṣù méjì tí ẹ lọ tí òkúta fi wọ inú ìrẹsì wa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta. Màmá kó gbogbo ẹ̀sùn lé Ìyá Ìgbẹ́mọ lórí, obìnrin tí wọ́n ti ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Wọ́n mú mi dání lọ síbẹ̀.

"Ta ló ní kí o máa po òkúta mọ́ ọjà fún opó?"

Obìnrin yẹn kò tilẹ̀ dìde. "Ìyá, ìrẹsì kan náà ni mo ń tà fún yín láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ bi ojú yín léèrè."

Màmá bínú débi pé wọ́n lọ ra ti ẹlòmíràn, òun náà ló sì kán eyín wọn. Mo mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, wọ́n fún wọn ní gíláàsì, ó bá wọn lójú mu. Òkúta ò tán. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ti bàjẹ́ ni, pé ilẹ̀ Ìgbẹ́mọ pàápàá kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó wá di ọjọ́ tí mo ń palẹ̀ sítọ̀ yín mọ́. Lẹ́yìn àwọn ìwé ìdánwò àtijọ́ tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà nù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kékeré yẹn, mo bá àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé, mo sì bá agolo mílíìkì ńlá kan lábẹ́ rẹ̀. Mo mì í. Ó dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Mo rò pé ìṣó ni. Nígbà tí mo ṣí i, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún un dé ọrùn, funfun, dúdú, pupa rúsúrúsú, ìrẹsì gbígbẹ mélòó kan sì wà láàárín wọn.

Mo jókòó sórí àpótí náà fúngbà díẹ̀ kí ó tó yé mi. Ní Sátidé, bí ó bá ti di aago márùn-ún, Màmá á lọ sí ìdánrawò kọ́ọ̀rù. Ẹ̀yin á wọ sítọ̀, ẹ ó pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀, mo sì máa ń rò pé ìwé lẹ ń máàkì. Mo yọjú lẹ́ẹ̀kan, n kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ tẹ orí ba, ọwọ́ yín ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró bóyá ẹ ó pè mí wọlé. Ẹ ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, mo sì padà sídìí iṣẹ́ àṣetiléwá mi.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ fi ń tún ìrẹsì tí Màmá ti ṣà tẹ́lẹ̀ ṣà. Ẹ wá ń kó òkúta rẹ̀ pa mọ́ sínú agolo kí wọ́n má baà rí i nílẹ̀. Bàbá, irú èèyàn wo lẹ jẹ́ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè sọ lójú yín. Ọmọ yín ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ràn òun. Bí mo bá gba ipò kìíní, ẹ ó buwọ́ lù ú, ẹ ó sì fi ìka tọ́ka sí jọ́gíráfì tí mo ti gba máàkì kékeré. Nígbà tí mo lọ yunifásítì, fóònù yín kì í ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: Ṣé o ti jẹun? Ó dáa. Ó dàárọ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èjìká yín àti ikọ́ yín. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹ gbàgbé èdè tíṣà tí ẹ fi èdè ìlú yín pe ilé ní ulé, mo mọ̀ pé inú yín dùn lọ́jọ́ yẹn, tèmi náà á sì dùn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo kà dàgbà.

Nítorí náà, nígbà tí mo dàgbà, ọkùnrin tó bá ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ó ti sú mi nìyẹn. Mo ka ohun tí kò ná mi ní wàhálà sí ohun tí kò níye lórí. Ẹni tó bá ń dákẹ́ ló ń fà mí. Ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n, ọdún mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ lé e. Á pòórá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní í pè, kò ní í gbé ìpè. Lọ́jọ́ tó bá tún yọ, àyà mi á máa lù kìkì, mo sì ń pe ìyẹn ní ìfẹ́. Ìjayà ni, Bàbá. Àṣé ènìyàn lè máa gbé ìjayà kiri fún ọdún mẹ́rin kó máa pè é lórúkọ olórúkọ. Ṣé ẹ̀yin ni mo ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀?

Káyọ̀dé wá dé. Ọmọ ìlú Ìyìn ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, àràárọ̀ ló ń wọ takisí wá sí Adó. Oṣù kẹta tí a mọra, a dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó ń sun àgbàdo, ó wò mí, ó ní, "Àárò rẹ sọ mí lánàá." Bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n bá òun mú àgbàdo méjì. Ojú tì mí fún un. Mo bi í pé kí ló mu. Àyà mi ò já nígbà kankan tí mo bá rí i. Mo ń jẹun dáadáa, mo ń sùn dáadáa, mo sì pinnu pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Nígbà tó ní òun fẹ́ mú àwọn èèyàn òun wá rí Màmá, mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní, "Mo gbọ́. Rò ó títí ilé ìwé tí o ti ń kọ́ni á fi gba họ́lídè. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí n máa méfò. Mi ò mọ àlọ́ pa, mi ò sì mọ̀ ọ́n já." Mo mọ̀ pé kò ṣeré. Bí họ́lídè bá dé tí mi ò fèsì, ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a gba họ́lídè náà ni mo rí agolo yín. Ẹ wo ohun tó fẹ́ ṣe fún mi. Ọkàn mi ní, ṣé o rí i báyìí, ẹni tó dákẹ́ ló ní ìfẹ́ nínú. Bóyá ti Àkúrẹ́ yẹn náà ní agolo tirẹ̀ níbì kan, ìwọ ni o ò ní sùúrù. Níbẹ̀, lórí àpótí yín, mo fa fóònù yọ, mo tẹ ọ̀rọ̀ sí ọkùnrin Àkúrẹ́ náà. Ó ku kí n fi ránṣẹ́ ni Màmá wọlé.

Wọ́n rí agolo. Mo ṣàlàyé. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú wà nínú ẹkún náà.

"Kí ló dé tí kò pè mí? Gbogbo Sátidé yẹn, òun nìkan, nínú ooru yàrá yìí. Ǹ bá jókòó tì í. À bá jọ máa ṣà á." Wọ́n gbé agolo lé itan, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á. "Ó fẹ́ràn mi tó báyìí. Ẹnu agolo ni mo ti wá ń gbọ́ ọ."

Mo pa ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ rẹ́. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ìsìnkú ni èmi náà á tó máa tú sítọ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo pe Káyọ̀dé wá jẹun. Màmá fúnra wọn ló ṣa ìrẹsì, pẹ̀lú gíláàsì. Káyọ̀dé jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó dúró, ó yọ nǹkan lẹ́nu. Ó ní, "Màmá, ìrẹsì yìí dùn gan-an ni, ṣùgbọ́n òkúta wà nínú rẹ̀ o."

Ọwọ́ mi dúró sókè. Láti ọjọ́ tí Màmá ti wọ ilé yẹn, ta ló dá irú rẹ̀ wò? Wọ́n wò ó láti òkè gíláàsì. Ẹ̀rín ló wá gbé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi já sínú ọbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó yá, ìwọ tí o mọ òótọ́ sọ, lọ gbé atẹ wá."

Ni àwa mẹ́ta bá jókòó sí fàráńdà, a ń ṣa èyí tó kù tí a kò tíì sè. Ẹ̀ bá rí i. Kò mọ̀ ọ́n ṣà rárá. Ìrẹsì ló ń jù nù ju òkúta lọ, Màmá sì ń gbá a lọ́wọ́. Mo ń wo orí méjèèjì tó tẹ̀ ba lórí atẹ, mo sì ní, "Káyọ̀dé, sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ó gbójú sókè. "Sátidé wo?"

Màmá ní, "Kì í ṣe Sátidé. Mo ní kọ́ọ̀rù."

Àyà mi ò já, Bàbá. Ara mi kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí mo bá da omi tí ẹ máa ń gbé kaná fún mi láàárọ̀ ọ̀gìnnìtìn sára. Ẹ ò sọ ti omi yẹn náà rí.

Mi ò bá yín jà. Ta ló kọ́ yín pé kí a máa fi í pa mọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà rí? Ohun kan ló ń dùn mí. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọjọ́ tí a rí ara wa kẹ́yìn, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo kanra. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan lẹ mọ̀ ọ́n bi èèyàn ni. Ẹ yíjú sí ògiri. Ẹ dárí jì mí. Mi ò tíì mọ̀wé yín kà tán nígbà yẹn.

Agolo yín ti wà lórí fèrèsé pálọ̀ báyìí, Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀. Òkúta Káyọ̀dé ló wà lókè pátápátá. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá mi. Ọ̀sán gangan ni mo ń sọ ọ́, ẹnu mi ni mo sì fi ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo ti jẹun. Mo yó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó yọjú sí sítọ̀ tí kò wọlé.