Ìgò Tí Mo Ń Mì fún Bàbá

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀dá Múfú, mo kí àwọn àgbà ilé wa pátá. Kí n tó béèrè bí ara yín ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí ní yàrá iṣẹ́ abẹ níbi iṣẹ́ mi.

Mo rí apá irin mẹ́rin tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Mo rí dókítà kan tó bọ́ bàtà, tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ki ojú bọ inú àpótí, tó ń fi ìka darí àwọn apá náà. Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í dá nǹkan kan ṣe. Mo rí ihò kéékèèké mẹ́rin lára ikùn bàbá arúgbó kan, àti ojú abẹ kan tó gùn díẹ̀, tí wọ́n gbà yọ ibi tí jẹjẹrẹ wà lára ìfun rẹ̀. Mo rí ikùn náà nígbà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i kí wọ́n lè ríran nínú. Ó wú bíi ti Bàbá wa.

Iṣẹ́ mi ni kí n bá wọn gbé aláìsàn, kí n sì nu ilẹ̀. Mo dúró gbagidi. Ọ̀gá mi bi mí bóyá òkú ni mo rí. Mo ní òtútù ni. Òtútù ibí wúlò fún irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n tú atẹ́gùn náà sílẹ̀, ikùn bàbá yẹn sì lọ sílẹ̀. Ìyá mi, ti Bàbá kò lọ sílẹ̀ títí a fi sin ín. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe là á láti àyà dé ìsàlẹ̀ ìdodo, tí wọ́n tún rán an padà, wọ́n ní jẹjẹrẹ náà ti ràn káàkiri.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ nìyí. Èmi ni mo máa ń fọ ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ní jẹ̀dí ni, kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa kó gbogbo àdúgbò jọ lé òun lórí. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àràárọ̀ ni mò ń mi ìgò àgbo jẹ̀dí fún un. Mo ṣì ń gbọ́ bí gbòǹgbò inú rẹ̀ ṣe ń kan ìdí ìgò.

Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lórí fóònù. Ẹ̀yin lẹ̀ ń mì ín. Mo bi yín, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ̀ ń rí, pé ohun dídùn tí ẹ jẹ níbi ìsọmọlórúkọ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ló ń jà. Ẹ ní kí èmi dókítà onígbálẹ̀ lọ sinmi. Mo rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe rẹ́rìn-ín fún Bàbá.

Ẹ máa bínú pé mo gbé lẹ́tà yìí síta fún gbogbo ayé kà. Kì í ṣe ilé wa nìkan ni ìgò yẹn wà. Ó lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́. Àyẹ̀wò ló máa sọ. Ẹ̀rọ tí mo rí lè má sí nítòsí yín, àmọ́ àyẹ̀wò wà. Kí Bọ̀dá Múfú má lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n mú yín lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí mo bá pè yín ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí n má gbọ́ ìgò.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Kò ní jẹ́ kí n tún dákẹ́ pa ẹnìkan. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi Sẹkínátù, ọmọ yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilẹ̀ ti ṣú níbí, bó ṣe máa ń yá ṣú nígbà òtútù.