Bí Omi Aró Mi Ṣe Mọ́ ní Òkè-Ìlá

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 1978.

Jùbrílù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Ìbàdàn níbẹ̀ yẹn. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ níbi tí ẹ ti ń yẹ omi wò? Èmi àti Àìṣà àbúrò rẹ wà dáadáa, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ti dẹ̀. Tíṣà Ilésanmí ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Bí mo bá pe “ulé,” “ilé” ló ń kọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe ń fẹ́ ẹ.

Ọmọ mi, a ti borí! Jẹ́ kí n rò ó fún ọ. O mọ̀ pé omi aró tí mo bá dà nù máa ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Àtinúkẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, omi kànga rẹ̀ bá di aláró. Ó fi fọ ẹ̀wù funfun tí ọkọ rẹ̀ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀wù di búlúù, gbogbo ìjọ ń wò ó. Ló bá pe wolé-wolé. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, wolé-wolé náà, ní bí omi aró mi bá ṣì ń ṣàn ní ọjọ́ keje, òun á fọ́ gbogbo ìkòkò mi. Ìkòkò tí mo fi rán ọ níléèwé! N kò lè jẹun. Ìyẹn ni mo ṣe ránṣẹ́ sí ọ.

Lọ́jọ́ kẹta, dírẹ́bà mú lẹ́tà rẹ dé. O ní kí n lu ihò sí ìdí àgbá, kí n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí n da yanrìn lé e, kí n wá kó èédú èèpo ẹkùrọ́ tí a gún lé gbogbo rẹ̀ lórí. Akínyẹlé alágbẹ̀dẹ ló fún mi ní èédú. O ní èédú kì í mu aró, ara rẹ̀ ni aró ń lẹ̀ mọ́. Èyí yé mi dáadáa: èédú ń pọ̀n aró sẹ́yìn ni, bí mo ṣe pọ̀n ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọra da omi sí i, kí ọmọ má baà já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Àfi bí omi tó jáde ṣe dúdú ju èyí tí mo dà sí i lọ! Ìyá Àtinúkẹ́ ní mo tún fi èédú kún aró. Mo sunkún. Tíṣà bá tún lẹ́tà rẹ kà, ó ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ fọ èédú. Mo bá fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ bí ìkókó. Mo dá a padà sínú àgbá, odidi ọjọ́ méjì ni àgbá fi ń hó fún ọṣẹ. O kò sọ pé kí n má fi ọṣẹ sí i o. Mo fi omi lásán ṣàn án títí apá mi fi kú.

Lọ́jọ́ keje, wolé-wolé dé, àdúgbò pé jọ. Mo ní Bìsímílà, mo da omi aró sínú àgbá. Ó pẹ́ kó tó kán. Jùbrílù, omi náà mọ́ gaara! Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá bù ú sínú ìgò, ó gbé e sí oòrùn, ó ń rí imú mi láti òdìkejì. Ó yọ fọ́ọ̀mù, ó ní níbo ni omi yìí ti wá. Mo ní kó kọ Ọlọ́run Ọba. Ó ní kò sí àyè fún un. Mo ní fọ́ọ̀mù tí kò ní àyè fún Ọlọ́run, kí ló ń béèrè omi sí? Ó kọ ọ́.

Ó ní òun ń gbé ìgò náà lọ sọ́dọ̀ Lábọ́rétọ̀, kí wọ́n lè yẹ omi náà wò. Mo fi iṣu méjì ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń gbé omi lọ bá a, kò lè ráyè sinmi. Lánàá ni èsì dé, Lábọ́rétọ̀ ní kò sí aró níbẹ̀. Iyán iṣu mi ti ní láti dùn mọ́ ọn.

Èmi àti Ìyá Àtinúkẹ́ ti gbọ́n kànga rẹ̀ gbẹ, omi tuntun sì ti sun. Láàárọ̀ yìí, ó fi fọ ẹ̀wù funfun ọkọ rẹ̀. Kò sá a sílé rẹ̀, okùn aṣọ tèmi tó kọjú sí títì ló sá a sí, kí gbogbo ayé rí i. Àwọn aláró ìlú Ìjan ń bọ̀ wá wo àgbá wa lọ́la.

Jọ̀wọ́, fi owó àgbá kejì ránṣẹ́, àti owó bàtà Àìṣà. O ní ẹ̀yìn èédú máa ń kún, kọ̀wé sọ ibi tí n ó kó èyí tó bá ti kún sí.

Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa tún ìlú ṣe, àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò sì gbà ọ́ bí o ti gbà mí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùínátù Aláró.